Èèrí Kì í Ṣe Oúnjẹ Àlejò

Òbúkọ ni ó kọ́kọ́ sanra.

Aṣọ́bodè ni wọ́n ń pè é nílé Màmá Clémentine ní àdúgbò Akron ní Àjàṣẹ́, nítorí kò sí ẹrù tó ń kọjá níwájú rẹ̀ tí kì í fi ẹnu kàn. Tẹ́lẹ̀ rí, ènìyàn lè dúró sójú títì kó máa ka egungun ìhà rẹ̀. Ṣàdédé, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó wá ń rìn bí olóṣèlú tó ń wá ìbò.

Adizatou, aládùúgbò tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wọn, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ìyàwó Théo, ẹran yín ti lóyún o."

"Àǹtí Adizatou, òbúkọ mà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ẹ tún un yẹ̀ wò dáadáa."

Ọlẹ́wà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó sanra wà nínú yàrá, ó ń gbẹ.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Clémentine, ni àtọ̀gbẹ dè mọ́lẹ̀. Egbò kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ó kọ̀, kò jinná. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ṣúgà ara Màmá kò bá wálẹ̀ kí wọ́n tó padà wá, òun yóò gé ọmọ ìka náà. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé, òun kò mọ ibi tí àwọn yóò dúró. Kí wọ́n yé fún un ní àkàsà, ẹ̀kọ funfun tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo èèrí rẹ̀ dànù. Kí wọ́n máa fún un ní ọkà tòun ti èèpo ara rẹ̀.

Théophile, ọkọ Ọlẹ́wà, wo ojú ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ ni Théophile, ó mọ ìṣirò, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná.

"Ìyẹn nìkan?" Ọlẹ́wà ní. "Ọmọ Ṣakí ni mo jẹ́ o! Ọkà bàbà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ra ọkà bàbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti òkè. Ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ó ń dúró ti ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó má baà sẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ ní í rò ó lórí iná títí òkèlè á fi dì, tí apá á máa ro ó, a sì fi ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀ tó kún fún akàn sí i. Ó kọ́ Adizatou náà, àwọn ọmọ Adizatou kò sì fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn mọ́.

Ti Màmá wá yàtọ̀. Ọlẹ́wà ra abọ́ tuntun fún un, aláwọ̀ ewé tó ní ọmọrí. Ó ra ṣíbí tirẹ̀. Ó ya ìkòkò kan sọ́tọ̀. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, a máa gbé abọ́ náà wọ yàrá, a fi aṣọ funfun bò ó, a gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a kúnlẹ̀ kí Màmá, a sì rọra pa ilẹ̀kùn dé kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè jẹun ní ìrọ̀rùn. Nílé wọn ní Ṣakí, àgbà tí a bá bu ọlá fún là ń ya abọ́ sọ́tọ̀ fún.

Abọ́ náà máa ń padà wá mímọ́ tónítóní, àfi bíi pé wọ́n lá a.

Wọ́n lá a lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlẹ́wà lọ ká aṣọ lẹ́yìn ilé, ó sì rí ọwọ́ kan tó yọ jáde lójú fèrèsé yàrá Màmá pẹ̀lú abọ́ aláwọ̀ ewé. Aṣọ́bodè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó gbé ti iwájú lé ògiri bí oníbàárà nídìí fèrèsé báńkì.

"Jẹ ẹ́ kíá," ohùn Màmá ń sọ jẹ́jẹ́. "Kí ọmọ Ṣakí tó dé."

Ọmọ Ṣakí ti dé. Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré wọ yàrá, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Màmá!"

Màmá ti abọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora. Ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀ tú jáde. "Mo ti yó, ìyàwó mi. O ṣeun."

"Ẹ̀yin lẹ yó ni, àbí Aṣọ́bodè?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Nílé bàbá mi, ẹran là ń fún ní èèrí. Ohun ẹran ni mo dá padà fún ẹran!"

"Kí lẹ wá ń jẹ láti ìgbà yìí wá?"

Ojú Màmá yí sí ìrọ̀rí. Ọlẹ́wà gbé ìrọ̀rí. Ewé àkàsà jábọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, tútù, láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ta ló ń rà á? Màmá kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń wọ yàrá yìí ní àràárọ̀ láti kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò?

Nígbà tí Théophile ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, àwọn ewé náà ni ìyàwó rẹ̀ tẹ́ sórí tábìlì fún un.

"Olùkọ́, ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò yìí."

Théophile jókòó bí àpò tí wọ́n tú. "Ó ń sunkún, Ọlẹ́wà. Ìyá mi ń sunkún nítorí àkàsà."

"Ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ń fi tòsì bọ́ ọ ní ohun tí dókítà kọ̀! Ṣé ẹsẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gé?"

"Má bá a jà." Ohùn Màmá ni, láti inú yàrá. "Wá síbí, ìyàwó."

Ọlẹ́wà wọlé. Màmá kò wo ojú rẹ̀, abọ́ aláwọ̀ ewé ló ń wò.

"Nígbà tí bàbá Théophile kú, wọ́n fún mi ní abọ́ tèmi, ṣíbí tèmi. Wọ́n á gbé oúnjẹ wọ yàrá fún mi, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá opó fọwọ́ kan inú abọ́. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, èmi ń dá jẹun bí òkú. Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ opó, mo búra pé n kò ní dá jẹun mọ́ láyé. Ìwọ wá ra abọ́ fún mi. O ra ṣíbí. O fi aṣọ funfun bò ó. Ìyàwó mi, ta ló tún kú? Ṣé èmi ni?"

Ọlẹ́wà gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí n sè é sínú ìkòkò kan ṣoṣo lọ́jọ́ Ìsinmi, fún gbogbo ilé àti àwọn ìyá ìjọ. Ká jọ jẹ ẹ́."

"Èèrí? Fún àlejò mi?"

"Ẹsẹ̀ yín ni, Màmá. Lọ́jọ́ Ajé là ń padà sọ́dọ̀ dókítà."

Màmá ronú. "Dákọ̀, mo gbà. Bí àlejò bá jẹ ẹ́, èmi náà á jẹ ẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, o ò gbọdọ̀ dárúkọ èèrí létí mi mọ́. Kí dókítà gé ohun tó bá wù ú."

Ọlẹ́wà sáré tọ Adizatou lọ. "Àǹtí, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú òkèlè. Bí wọ́n bá rí yín, wọ́n á tẹ̀ lé yín."

"Fi mí sílẹ̀ fún wọn," Adizatou wí. "Èmi nìkan tó."

Ó tó lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í kúrò nílé Màmá Clémentine pẹ̀lú ebi. Màmá jókòó láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí nínú aṣọ. Wọ́n gbé omi wá, ó tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún àlejò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe onílé. Ọlẹ́wà wá gbé àwo ńlá jáde.

Ìyá Ọdúnayọ̀, olórí akọrin, yọ ojú sí i. "Ìyàwó, kí ló jóná?"

"Kò jóná, Ìyá. Àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn."

"Àwọ̀ rẹ̀! Amọ̀ náà ní àwọ̀."

Ọlẹ́wà ṣẹ́jú sí Adizatou. Adizatou na ọwọ́, ó gé òkèlè tó tó orí ọmọ tuntun, ó jù ú sẹ́nu. Òkèlè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ ni! Ojú rẹ̀ yọ síta. Omi ń dà lójú, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu, ó ń lu àyà, kò lè sọ̀rọ̀.

"Jésù!" ìyá kan kígbe, ó sì gbé àpò rẹ̀.

Nígbà náà gan-an ni Aṣọ́bodè ké mèè lẹ́yìn ilé.

"Ẹ gbọ́," Ìyá Ọdúnayọ̀ wí, "ẹni tó ni oúnjẹ ti dé."

Ẹ̀rín bú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó tún wo àwo náà. Ìyá Ọdúnayọ̀ dìde, ó tún gèlè ṣe, ó ní àwọn máa lọ kí oòrùn tó mú jù. Àwọn yòókù dìde. Ọlẹ́wà mú ọmọrí láti fi dé àwo. Ó ti parí. Dókítà lọ́la, àkàsà lọ́tùn-únla.

"Fi í sílẹ̀."

Màmá ni. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Àlejò dìde nílé rẹ̀ láìjẹun! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, kódà ní ìgbà opó.

"Ọdúnayọ̀, jókòó. Ẹ̀bi mi ni. Mo tọ́ omi wò fún yín, mi ò tọ́ oúnjẹ wò. Báwo lẹ ṣe máa jẹ ẹ́?"

Ó fọ ọwọ́. Ó fa àwo súnmọ́ ara rẹ̀, ó gé òkèlè, ó kì í bọ inú ọbẹ̀, ó gbé e mì. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gé òmíràn.

"Iyọ̀ kò tó," ló wí.

Ta ló máa dìde lẹ́yìn ìyẹn? Onílé ti tọ́ ọ wò. Ìyá Ọdúnayọ̀ jókòó, ó ń kùn, ó mú òkèlè kékeré bíi tẹyẹ.

"Akàn inú rẹ̀ ni mo ń jẹ o," ó wí, nígbà tó tún na ọwọ́. "Kì í ṣe èèrí."

"A rí yín," Adizatou dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti padà dé.

Ọwọ́ pọ̀ nínú àwo náà, ti Màmá wà láàárín wọn. Ọlẹ́wà wọ ilé ìdáná lọ, ó dì mọ́ ọmọrọ́gùn, ó sunkún.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó tú aṣọ ẹsẹ̀ Màmá láti fọ egbò. Ó dúdú síbẹ̀, ó ń rùn. Àwọn méjèèjì wò ó.

"Òkèlè ọjọ́ kan kò lè wo èyí sàn," Màmá wí. "Wọ́n lè gé e lọ́la."

"Wọ́n lè gé e, Màmá."

"Bí wọ́n bá gé e, má ra abọ́ fún mi."

"N kò ní rà á. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ó ti jọ máa jẹ ẹ́."

Pátákò kan gbá fèrèsé. Ìgbà oúnjẹ Aṣọ́bodè ti tó, ó ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó ń retí abọ́ rẹ̀. Màmá na ọwọ́, ó fa fèrèsé dé.

"Lọ wá iṣẹ́ ṣe," ló wí fún un.