Àgékù Pákó fún Pẹ́pẹ́yẹ

Àwọn oníbàárà ló sọ káfíńtà kan ní Aláṣepé, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń pọ́n ọn lé. Bí èèyàn bá gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì wá fún un, yóò tún ẹsẹ̀ náà ṣe, yóò tún mẹ́ta yòókù ṣe, yóò fá ojú rẹ̀, yóò fi fáníṣì kùn ún, títí ẹni tó ni àga kò fi ní mọ àga rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí kò bá tíì parí kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwà dáadáa nìyẹn jẹ́ lára káfíńtà, ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbé e wọlé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ká aṣọ, yóò tún un ká. Bó bá gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò tún un gbé. Obìnrin náà fara dà á, fara dà á, ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé, "Nínú ilé yìí, kò síbi tí mo lè fọwọ́ kàn tí ẹ ò tíì parí." Ó mú ọmọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí bó ṣe ń fì sọ́tùn-ún sósì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ní gbogbo Sátidé, ìyá rẹ̀ á gbé e wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láàárọ̀, á wá mú un nírọ̀lẹ́. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Aláṣepé nìkan ló ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án, ariwo ayùn ń bá a ṣeré díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jẹun, á fọ abọ́ kan, ṣíbí kan, ife kan, á dà wọ́n dé, ilé á sì dá páropáro. Ẹni tí kò bá tíì gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò mọ bí ìró ṣíbí kan ṣe lè pọ̀ tó.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ fi wà lára Sátidé. Ó ra bèbí tó ń kọrin fún ọmọ náà, bèbí kọ orin kan ṣoṣo tó mọ̀ títí bátìrì fi kú. Ó wá kan ilé onípákó kékeré kan fún un, ilé tó lẹ́wà débi pé èèyàn á fẹ́ san owó rẹ̀ kó wá háyà á. Ó ní fèrèsé, ó ní àtẹ̀gùn. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ibùsùn mọ́lẹ̀ kó má baà sọnù. Ó gbẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn náà mọ́ orí àga. Pẹ́pẹ́yẹ yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé. "Ẹ ṣé, Dádì," ó wí. "Ìgbà wo ni Mọ́mì ń bọ̀?"

Ní Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Ọmọ náà rí àwọn páálí ìṣó tó ti ṣófo, ó ń tò wọ́n lérí ara wọn wọ́gọwọ̀gọ. Aláṣepé wò ó títí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó na ọwọ́, ó tò ó tọ́ fún un. Ni Pẹ́pẹ́yẹ bá wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ dé, láti títì ló ti ń gbọ́ ọ.

"Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ," obìnrin náà wí, kò sì pariwo, "ẹkún tí ọmọ yìí ń sun níbí ti pọ̀ ju ẹ̀rín lọ. Tí mo bá tún bá a lẹ́nu ẹkún ní Sátidé tó ń bọ̀, a máa dá wíwá yìí dúró ná, títí á fi dàgbà díẹ̀ sí i."

Aláṣepé ò lè bi í pé báwo ni "díẹ̀" yẹn ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ̀rù ìdáhùn ló bà á.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó kó àwọn àga kéékèèké tí wọ́n ní kó bá àwọn kàn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ìyá àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí ariwo ọmọdé ló ń bójú tó ibẹ̀. Àwọn ọmọ kún ilẹ̀, wọ́n ń fi páálí, àkísà, ìdérí ìkòkò àti igi wẹ́wẹ́ ṣeré, ọ̀kankan nínú wọn ò sì wo ojú àlejò.

"Mà, níbo lẹ kó ohun ìṣeré wọn sí?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ohun ìṣeré lò ń wò yẹn, Káfíńtà. Igi tó wà lọ́wọ́ ìyẹn, mọ́tò ni láàárọ̀. Báyìí, ìyàwó ni, wọ́n ti wé gèlè fún un. Má bi mí ní ohun tó máa dà lọ́sàn-án."

Aláṣepé ò tètè lọ. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké tó gbé wá, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé ibi gọ́ọ̀mù, ìyá náà dá a dúró.

"O fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyá, bàbá àtọmọ mọ́ àga?"

"Kí wọ́n má baà ṣubú ni, Mà."

"Háà! O kọ́lé, o kó èèyàn sí i, o tún mú wọn jókòó. Kí lo ṣẹ́ kù fọ́mọ? Kó máa yọjú lójú fèrèsé bí àlejò? Kó igi lásán fún un. Má sọ ohun tó jẹ́ fún un. Kó o wá ká ọwọ́ ẹ kò."

"Ọwọ́ mi kì í gbélẹ̀, Mà."

"Jókòó lé e."

Ní ọjọ́ Fúráìdé, ó ṣa àwọn àgékù pákó tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ jọ: gígùn, kúkúrú, onígun mẹ́ta, èyí tó rí gbọọrọ. Ó fi sáńpépà ha etí wọn kí wọ́n má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ó gbé agolo fáníṣì, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tó rí i pé òun ò ní lè gba ara òun gbọ́, ó gbé agolo náà lọ fún ẹni tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó bá òun tọ́jú ẹ̀ di Mọ́ńdè.

Ní Sátidé, ó da igi náà sílẹ̀ yàrá.

"Kí lèyí, Dádì?"

"N ò mọ̀," Aláṣepé wí.

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó dáadáa. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó jókòó, ó mú igi kan, ó fi pe ẹnì kan lórí fóònù, ó bá a jà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ẹ gbà mí, ilé wo! Wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tibí yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sín, ó parí. Aláṣepé jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mọ́mì rèé," ọmọ náà wí, ó gbé igi gígùn kan sínú ilé. "Èmi rèé. Ológbò rèé. Tíṣà mi náà ti wá kí wa."

Bàbá rẹ̀ dúró kó kan òun. Kò kàn án. Ojú ń ti àgbàlagbà láti bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó bèèrè.

"Èmi ńkọ́?"

Pẹ́pẹ́yẹ wò yíká. Ó ṣa igi kan tó ní kókó lára, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ògiri. "Ìta lẹ wà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó kù díẹ̀ kó fa ọwọ́ kan yọ, kó gbé igi oníkókó náà fo ògiri kọjá, kí ó parí. Kò ju kó na ọwọ́ lọ. Ó tún ìdí jókòó lé ọwọ́ náà.

"Kí ni mò ń ṣe níta?"

"Ẹ ń kanlẹ̀kùn."

Ó fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, kò, kò, kò.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà mú.

"Èmi ni. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ."

"Ṣé òní ni Sátidé?"

"Òní ni."

"Ẹ dúró ná. Mọ́mì ń wẹ̀."

Ó dúró. Mọ́mì wẹ̀ títí. Wọ́n fún ológbò lóúnjẹ. Wọ́n sin Tíṣà dé ọ̀nà. Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́, wọn ò rí i, ẹ tún dúró, Dádì. Ẹsẹ̀ Aláṣepé kú, ọwọ́ rẹ̀ kú, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kó dúró, òun ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni fèrè mọ́tò dún lóde.

Ojú Pẹ́pẹ́yẹ yí padà. Ó mọ fèrè náà. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ó sì ké ẹkún tó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ìyá ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Kí lẹ tún fi ṣe é?"

Aláṣepé ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló máa gbà á gbọ́?

"N ò tíì lọ!" Pẹ́pẹ́yẹ ń ké. "Mọ́mì, n ò tíì lọ! Dádì ṣì wà níta! N ò tíì ṣílẹ̀kùn fún wọn!"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó wo ògiri wọ́gọwọ̀gọ, ó wo àwọn tó wà nínú ilé, ó wo igi oníkókó kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn wọn. Ó wá wo ọkùnrin tó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èwo lèmi?"

"Èyí tó gùn."

"Kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ ń wẹ̀," ọmọ náà wí nínú ẹkún.

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu obìnrin náà, ó gbé e mì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nu imú ọmọ, ó gbé e kọ́ èjìká. "Ó tó. Wàá wá ṣí i fún wọn ní Sátidé." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Ẹ má tún un tò o."

"N ò ní tún un tò."

Mọ́tò lọ. Aláṣepé ò dìde. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan ra èkejì títí ẹ̀jẹ̀ fi padà sí wọn. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta nìyẹn.