Ohun Tí Kánún Fi Hàn

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Dirẹ̀tọ̀ Oyèlékè, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, dá fún Ọláyẹmí olùkọ́. Bí kò bá lè fi ohun tí ó ní láárí han òun nínú yàrá kékeré tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí, inú yàrá náà ni àgbàdo oko ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọ̀. Ìjọba ológun ti pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa dáko. Àgbàdo ọdún náà sì pọ̀ ju àká lọ.

"Kámáràdì Olùkọ́," ni Dirẹ̀tọ̀ wí, "ta ní ń jẹ ewé odò ní Ṣàbẹ níhìn-ín?"

Láti Sakété ni wọ́n ti gbé Ọláyẹmí wá. Ó lọ sí odò ọ̀nà Ọ̀fẹ̀, ó bu irúgbìn ewé omi kan tí ojú lásán kò lè rí, ó sì pín in sí àwo méjì. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan irúgbìn náà, roboto bí ẹyin. Ohun tí kò ní orí, tí kò ní ẹsẹ̀, ta ní ń sọ ibi tí yóò nà sí fún un? Ọláyẹmí gbà pé kíkan ni, bíi ti omi ọsàn wẹ́wẹ́: apá kan nínú rẹ̀ ń kan ju apá yòókù lọ, ibẹ̀ ni ó sì ń gbà yọ.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó gbé àwo kìn-ín-ní sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kíún di ńlá. Roboto ni gbogbo wọn ṣì wà. Ńṣe ni wọ́n kàn wú.

"Ta ní fọwọ́ kan àwo yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi," ni Alimatou, ìyá àgbà tí ń se oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́, dáhùn. "Mo gbọ́ pé ewé ni o rẹ fún àlejò. Mo bu kánún sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Ṣebí bí a ti ń ṣe ẹ̀fọ́ nìyẹn?"

"Ìyá, ẹ ti fi mí ṣọbẹ̀! Àwo kejì ńkọ́?"

"Kánún tán mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọláyẹmí sáré mú aró rẹ̀, èyí tí ń pọ́n níbi tí kíkan bá wà, tí ń dà bí ìyeyè níbi tí kíkan kò bá sí. Ó kán an sí àwo méjèèjì. Nínú àwo kejì, irúgbìn kọ̀ọ̀kan ti na ìka kan síta, orí ìka náà sì pọ́n fòò. Nínú èyí tí ó gba kánún, àwọ̀ ìyeyè nìkan ni ó wà, yíká-yíká.

Dirẹ̀tọ̀ wọlé, ọkùnrin mẹ́rin tó ru àpò àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ ojú mọ́ awò, ó wo àwo kan, ó wo èkejì.

"Kí ni kò jẹ́ kí ti àwo yìí nà?"

"Kánún pa kíkan inú rẹ̀, Ọ̀gá. Kò mọ ibi tí yóò kọjú sí mọ́."

"Ta ní ronú kan kánún?"

"Ìyá wa yìí ni."

"Abájọ! Bí mo bá jẹ ọbẹ̀ wọn tán, èmi náà kì í mọ ibi tí mo kọjú sí."

"Ẹ ṣáà ń lá àwo, Dirẹ̀tọ̀!" ni Alimatou fọ̀ sí i.

"Ó kù kí n tún ìdánwò yìí ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lè dá mi lójú," ni Ọláyẹmí wí.

"Ọ̀gá, ọrùn wa o!" ni àwọn aláàárù kígbe.

Dirẹ̀tọ̀ kò gbé ojú kúrò lórí awò. "Ẹ gbé àgbàdo yẹn lọ sí bírò tí mo ti ń ṣiṣẹ́," ni ó wí. "Ẹ kàn ṣe jẹ́jẹ́, kí ẹ má ṣe tò ó bo àga mi mọ́lẹ̀."