Oṣù Kẹwàá Méjì

Láràárọ̀ ni Hanus máa ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì Lómvigin, ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, kí ó tó rí i. Yóò gbé ife kọfí rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, yóò sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi yọ lẹ́yìn ògiri èbúté. Símun, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ń tù ú báyìí. Símun a máa fún ẹ́ńjìnnì níná jù nígbà tó bá ń jáde, ìdí ọkọ̀ a sì rì sínú omi bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún Hanus á máa yí díẹ̀díẹ̀ lára ife, bí ẹni pé ìtọ́kọ̀ ló dì mú.

"Kọfí ń dà sílẹ̀," ni Rannvá, ìyàwó rẹ̀, á wí láti ìdí sítóòfù.

"Ó ń ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́."

"Ọdún méjìlélógún nìwọ fi bà á jẹ́. Jẹ́ kí òun náà ṣe díẹ̀."

Wárápá ni dókítà àkọ́kọ́ pè é. Ará Denmark ni dókítà náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wá lò ní erékùṣù wọn. Ó gbọ́ pé Hanus ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, pé ọdún kan wà láàárín wọn, pé ojú rẹ̀ yí sókè, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ nípa ọpọlọ rẹ̀, ó ní òun rí ibì kan tí kò gún. Ó kọ oògùn, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ń fún atukọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Hanus kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ mọ́. Inú ahéré etíkun ló kù fún un, níbi tí wọ́n ti ń fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ó ń ṣe é, nítorí kò lè jókòó lásán. Oògùn náà mú orí rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n kò mú etí rẹ̀ di sí ìró ẹ́ńjìnnì.

Rannvá ló ní kí wọ́n wá dókítà mìíràn. Hanus kọ̀ fún oṣù méjì gbáko.

"Bí èkejì bá tún sọ ohun kan náà ńkọ́?"

"Nígbà náà, wàá mọ̀."

Mímọ̀ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, ó ṣì lè máa dúró lójú fèrèsé kí ó máa wo ọkọ̀ rẹ̀ bí ohun tó máa padà sọ́wọ́ òun.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n wọ bàálù lọ sí Kopenhagen, olú ìlú Denmark. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ó tẹ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀.

"Má dárúkọ ohun tí à ń ṣe ní yàrá abẹ́ ilé o. Ohun tí àwọn ará Denmark ń sọ nípa wa ti pọ̀ tó."

"Mi ò dárúkọ ẹ̀ fún ti àkọ́kọ́. Ṣé mo wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí ni?"

Obìnrin kúkúrú kan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Marjun ni orúkọ rẹ̀, òun ni dókítà náà.

"Ta ló ni yín?" ló fi bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe nílé wọn, ní èdè ilé wọn.

Hanus, tó ti to èdè Denmark jọ sẹ́nu, gbé e mì. "Ọmọ Elspa ni mí, ti ìsàlẹ̀ èbúté."

"Ṣé ìyá wà?"

"Ó ti lọ. Yóò pé ọdún méjì nígbà ooru tó ń bọ̀ yìí."

"Ẹ kú ìrọ́jú." Ó ṣí ìwé tí dókítà àkọ́kọ́ kọ. "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún kejì rẹ̀. 'Ó ṣubú ní yàrá abẹ́ ilé, lẹ́nu iṣẹ́.' Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ ilé."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Hanus, ilé bàbá tèmi náà ní yàrá abẹ́ ilé. Ta ló ń ro ẹ̀jẹ̀?"

Ilẹ̀ ni Hanus ń wò. Nígbà tí àgùntàn bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní oṣù kẹwàá, olúkúlùkù ilé ló ń pa tirẹ̀. Ẹnì kan ní láti gbé bàsíà sábẹ́ ọrùn ẹran, kí ó fi ọwọ́ ro ẹ̀jẹ̀ náà kí ó má dì, títí tí wọn yóò fi pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, tí wọn yóò rọ ọ́ sínú ìfun.

"Òun ni," ni Rannvá wí. "Ìyá ẹ̀ ló máa ń rò ó. Nígbà tí ìyá kú, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Símun, ìfun wà lọ́wọ́ mi, bàsíà wá kan òun."

"Ṣé ẹ rò ó rí kí ìyá tó kú?"

"Rárá," ni Hanus wí. "Mo máa ń wá nǹkan ṣe níta. Okùn máa ń wà láti ká. Ẹja ni mo lè pa títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀jẹ̀ wọn tutù. Ṣùgbọ́n tó bá ń gbóná lọ́wọ́ mi..."

Rannvá yíjú sí i. "Ogún ọdún. Mo rò pé o fẹ́ràn okùn kíká ni."

Dókítà ní kí Rannvá sọ ohun tó rí.

"Ó funfun bí ìyẹ̀fun, òógùn bò ó, ó ní etí òun ń hó, ó sì wó lulẹ̀. Ó wá ń gbọ̀n. Mi ò tíì ka Àdúrà Olúwa dé ìdajì tó fi lajú."

"Kí ló kọ́kọ́ sọ?"

Rannvá fẹ́ fi ètè pa ẹ̀rín mọ́, kò ṣeé ṣe fún un. "Ó ní, 'Ṣé ẹ̀jẹ̀ yẹn ò dà nù?'"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀ kì í tètè mọ ibi tó wà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí ó máa béèrè ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, dídákú ni. Ẹni tó dákú náà a máa gbọ̀n. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn kọ, mo ti rí irú ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kan ò ṣe. A máa tún ẹ̀rọ náà lò, a máa yẹ ọkàn yín wò, mo sì máa kọ̀wé. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o, díẹ̀díẹ̀ la máa dín in kù. Ìwé àṣẹ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n lè ní kí ẹ dúró tó oṣù mẹ́fà."

"Oṣù kẹwàá nìyẹn," ni Rannvá wí. "Èmi ni màá ro ẹ̀jẹ̀. Ìwọ, lọ ká okùn ẹ."

Nígbà tí wọ́n dé ilé, èbúté ni Hanus kọ́kọ́ lọ, kò tilẹ̀ tíì sọ àpò kalẹ̀. Símun wà nínú ọkọ̀. Hanus sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn?" ni Símun wí. "Ìwọ tó fa ẹja tó ga jù ọ́ lọ?"

"Èmi ni."

"Gbogbo erékùṣù ló máa gbọ́."

"Sọ fún wọn."

Símun na ọwọ́ sí i láti inú ọkọ̀. "Wọlé. Mo ń jáde lọ báyìí. Tù ú dé ẹnu èbúté. Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

Láti ibi tí Hanus dúró sí, ó ń rí ìtọ́kọ̀ náà nínú gíláàsì, pẹ̀lú awọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ó wọlé.

"Ó di ìgbà tí ìwé bá dé," ni ó wí. Ó tú okùn, ó jù ú sínú ọkọ̀. "Rọra fún un níná."

Símun rọra. Hanus dúró títí ìró ẹ́ńjìnnì fi wọ ẹ̀yìn òkè, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń rántí, tó pupa dé ìgbọ̀nwọ́, àti bí obìnrin náà kò ṣe bi í léèrè rí, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, pé kí ló dé tí okùn fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ká ní oṣù kẹwàá.