Ojú Benedict Tó Pọ́n

Benedict kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹbu kan tí wọ́n ti ń fún epo pupa lẹ́yìn ìlú Erinje, òun sì ni aṣáájú àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun tí òun àti Salome ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Tí ìjọ bá kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tí oúnjẹ àti omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu, Benedict kì í já a.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gba ààwẹ̀ yìí ni funfun ojú rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìbẹ́pẹ. Tó bá ti padà sídìí oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ojú náà á tún mọ́.

Salome ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Ògógóró ló pa bàbá rẹ̀ ní Ìkọ̀yà. Òun ọmọdébìnrin ni wọ́n máa ń rán láti lọ fà á dìde lójú títì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa wò ó. Kí bàbá náà tó kú, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì pọ́n gẹ́gẹ́ bíi ti Benedict yìí. Nítorí náà, kò bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ńṣe ló ń ṣọ́ ọ. Tí Benedict bá sùn nígbà ààwẹ̀, á gbé imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀, á gbọ́ òórùn kan tó kan díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì sọ fún un pé ọtí ni.

Lọ́dún yìí, nígbà ààwẹ̀, ó rí ààbọ̀ ìgò ògógóró lẹ́yìn àgbá kan ní ẹbu. Ó fi gèlè wé e, ó gbé e lọ fún Wòlíì Aníwúrà. Ní ọ̀nà ilé, ó yà ní Ìlútítun, ó sọ fún Juliet, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé Benedict ti ń mutí, kó bá òun gbàdúrà sí i.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Wòlíì pe Benedict síwájú ìjọ. Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì, ó ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Benedict ní àwọn tó ń gún ẹyìn ní ẹbu ló ni ín, pé wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, òun kì í mutí. Wòlíì ní kó gbójú sókè kí gbogbo ènìyàn wo ẹyinjú rẹ̀. Ó gbójú sókè, wọ́n sì rí i pé ó pọ́n. Wọ́n tú àmùrè aṣáájú kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó tẹjú mọ́ gèlè tí wọ́n fi wé ìgò náà. Òun ló rà á fún Salome.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mìíràn fúnra rẹ̀, láìsí omi, ó sì ń lọ sídìí iná ẹbu lójoojúmọ́ nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. Ọkọ̀ tó wá kó epo ló gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Òkìtìpupa.

Dókítà tó gbà wọ́n, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Jùwọ́nlọ́lá, bi Benedict bóyá ó máa ń mutí. Kó tó la ẹnu, Salome ti dáhùn pé ó ń mu ún ní ìkọ̀kọ̀. Benedict yí ojú sí ògiri.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí àbájáde dé, dókítà fa àga sún mọ́ wọn.

“Ẹ̀dọ̀ bàbá ò ní ọgbẹ́ kankan,” ó ní. “Àyẹ̀wò ò fi ọtí hàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbó lára wa máa ń fi nǹkan pípọ́n kan sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń kó o dànù. Ti bàbá kì í yára kó o, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn tó ń pani, àmọ́ tí wọ́n bá fi ebi àti òùngbẹ pa ara wọn, ó máa ń hàn lójú.”

Salome béèrè ohun tí omi ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Dókítà ní kó ro ti ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó bá mu omi yó á wú díẹ̀, á máa tọ́jú oúnjẹ pamọ́, á máa tún ara ṣe. Tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, á súnkì, iṣẹ́ rẹ̀ á yí padà, kò ní lè kó nǹkan pípọ́n náà dànù bó ṣe yẹ, á máa tú ohun tó ti kó pamọ́ jáde. Ó ní òórùn ẹnu náà, ebi ló fà á.

Nígbà tí dókítà jáde, Salome kò mọ ibi tí òun lè kọjú sí. Ó wólẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

“Bàbá Mildred, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ọ́,” ni Benedict wí. “Ohun tó dùn mí ni pé o ò bi mí. Gbogbo ọdún tí a ti jọ ń gbé yìí, o ò bi mí lẹ́ẹ̀kan.”

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Salome dìde láàárín ìjọ. Ó sọ pé òun lòun gbé ìgò náà wá, ó sọ ohun tí dókítà rí, ó sì sọ ti bàbá rẹ̀, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Erinje. Wòlíì Aníwúrà mú àmùrè náà wá, ó fẹ́ dì í mọ́ Benedict nídìí. Benedict gbà á, ó ká a sórí itan rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó síbi tí òun wà ná.

Ìjọ gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ìjọ. Ní ọjà Ìlútítun, ẹni tó bá kí Benedict á kọ́kọ́ wo ẹyinjú rẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Salome á sì dorí kodò. Lọ́jọ́ kan tí obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn, Salome kò lè fara dà á mọ́. Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí epo tó ń tà, ó gba ilé Juliet lọ. Ó kan ilẹ̀kùn, Juliet sì yọjú.

“Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ fún ọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ,” ni Salome wí, “irọ́ ni. Jọ̀ọ́, sọ orúkọ gbogbo ẹni tó o sọ ọ́ fún, kí n lọ bá wọn.”