Àbàwọ́n Ara Àjà

“Di àkàbà yìí mú dáadáa o, aránṣọ mi. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ti ìgbà yẹn mọ́.”

Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. Bàbá onílé ti gun ìdajì, ó fi òòlù há ìgbànú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà.”

“Káfíńtà tó máa tẹ páànù méjì fọ́ kó tó rí ihò kan? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ilé yìí. Ìyàwó mi ń po sìmẹ́ńtì, èmi ń to búlọ́ọ̀kù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé, kò jò rí.”

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níbi “kò jò rí” yẹn, bí ẹni tí wọ́n wá fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn.

Lánàá ni aránṣọ lọ bá a pé kó bá òun dín owó ilé kù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló kó sẹ́nu lọ: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun. Àmọ́ bí Bàbá ṣe kí i tán tó ní, “Ọkọ rẹ ńkọ́? Ibi iṣẹ́ ńkọ́?”, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kó tó mọ̀: “Wọ́n wà dáadáa, Bàbá.” Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Ló bá ní ilé ń jò, pé òjò ti ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Nígbà tó padà délé, ó gun orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó rẹ àkísà sínú omi tíì, ó sì ń fi tẹ àjà títí àbàwọ́n náà fi tóbi tó àwo ìjẹun.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá dé, ó wo àjà, ó ṣí fìlà.

“Má bínú, ọmọ mi. Màá dín in kù. Mi ò lè gba iye yẹn lọ́wọ́ ẹni tí òjò ń pa nínú ilé mi.”

Aránṣọ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kó tó dìde, Bàbá ti lọ gbé àkàbà ti òrùlé níta.

“Apá ibo lo ní ó wà?” Bàbá bi í látòkè.

“Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, sà.”

Ó tún gun àtẹ̀gùn kan sí i. Àkàbà mì. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ojú mi ò ríran mọ́. Ká ní ìyá àwọn ọmọ mi wà láyé ni, á ti rí i, á sì ti bú mi: ‘Bíríkìlà burúkú!’” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò lọ jìnnà.

Aránṣọ gbójú sókè. Gìgísẹ̀ Bàbá ló rí. Ó ti sán, ó ń gbọ̀n.

“Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Mi ò tíì rí i.”

“Kò síbẹ̀. Èmi ni mo fi omi tíì kùn ún. Ilé yín ò jò.”

Aránṣọ ń retí èébú. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú òun.

“Kò jò?”

“Kò jò, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá na ọwọ́, ó rọra gbá páànù náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. “Kí ló wá dé?”

“Ọkọ mi ò níṣẹ́. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Bẹ́ ẹ ṣe ń rí i tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì jáde láràárọ̀ yẹn, kò síbi iṣẹ́ kankan tó ń lọ. Ojú ló ń tì wá.”

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára páànù. “Owó ò sí, o wá ń fi tíì kun àjà.”

Aránṣọ ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún.

“Ohun tá a sọ lórí owó ilé láàárọ̀ ti fọ́ o. Orí irọ́ la gbé e kà.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ó dáa, di àkàbà mú. Tí mo bá délẹ̀, lọ pe ọkọ rẹ wá. Kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́ fún mi, ká tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.”

Aránṣọ fi èjìká ti àkàbà títí ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì fi kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wọ sílípáàsì. Ó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí dìrọ̀lẹ́, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò lọ bá a níbẹ̀ rí.