Fèrè Abẹ́ Ibùsùn

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, a ò sì já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ bí a ó ti ṣe é bí irọ́ náà kò bá ní ẹni tó pa á, tó jẹ́ eré ni wọ́n fi í ṣe, tí gbogbo ayé mọ̀ pé eré ni, tó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀, tí ẹni náà sì jẹ́ ìyá tó bíni lọ́mọ.

Oníkọ́kọ́rọ́ ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín so rọ̀ lórí ìṣó lára ògiri, òórùn irin gbígbóná kì í sì í kúrò nínú yàrá náà, bí èèyàn tilẹ̀ ṣí fèrèsé méjèèjì. Bí ilẹ̀kùn bá há mọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, òun ni wọ́n ń ké sí. Àwọn tó ń rìnrìn-àjò a máa fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì dé bá ilé bí wọ́n ti fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àga onítìmùtìmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni màmá máa ń jókòó sí, tó ń kí ẹni tó ń wọlé, tó ń sin ẹni tó ń jáde. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, ìgbàgbé sì ti bá a wọlé. Kí oúnjẹ tó jinná, á ti bèèrè títí pé kí la fẹ́ jẹ. Nígbà mìíràn á pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àbúrò òun tó ti lọ sọ́run. Ohun kan tí ìgbàgbé kò rí gbé lọ ni oríkì. Láàárọ̀, bí oníkọ́kọ́rọ́ bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, á gbé ọwọ́ lé e lórí:

“Ọkọ mi, a-ṣílẹ̀kùn-má-wọlé-onílé,
Ó mọ inú ilé gbogbo, kò sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì.
Ọwọ́ rẹ mọ́ bí omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì bù.
Ẹni tó fi ọ́ ṣọ́lé, ó sùn, ó hanrun.”

Màmá fúnra rẹ̀ ló hun oríkì yìí nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láìfẹnu kan nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣí i láìgbọ́ oríkì náà.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo màmá ló dá wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi nǹkan àtijọ́ hàn án, àwòrán, orin, aṣọ, bóyá èyí tó sùn nínú iyè rẹ̀ yóò ta jí. Ẹ̀gbọ́n oníkọ́kọ́rọ́, obìnrin télọ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sẹ́nu rẹ̀, gba ìmọ̀ràn náà bí ẹni gba aṣọ ìyàwó rán. Ó ronú títí, ó wá rántí Àwọn Ọmọ Ọ̀fíntótó.

Eré tẹlifíṣọ̀n ni, nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ wà lọ́mọdé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, àdúgbò a sì pa lọ́lọ́. Ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọmọbìnrin oníkẹ̀kẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ọ̀kan ń sáré, ìkejì ń jẹun. Ohun yòówù kó sọnù, wọ́n á wá a rí, wọ́n á sì mú ẹni tó gbé e. Nígbà yẹn kò sí ológbò tó lè rìn gbẹ̀fẹ́ láìsí pé àwọn ọmọ kan ń tọpasẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún kan, àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá sí ilé ìwé oníkọ́kọ́rọ́, wọ́n ń wá ọmọkùnrin tó lè sunkún nígbà tí wọ́n bá ní kó sunkún. Òun ni wọ́n mú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá wọn ṣe eré náà, ipa olè sì ni wọ́n fún un. Òun ló jí fèrè fàdákà ilé ìwé, tó tì í bọ abẹ́ ibùsùn. Òróró tí wọ́n fi ń nu fèrè ló ta sí etí ẹ̀wù rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin oníkẹ̀kẹ́ ti rí i mú. Màmá ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti ya eré náà, ẹnu géètì ló sì dúró sí, nítorí wọn kò jẹ́ kí òbí wọlé. Gbogbo èyí ni ìgbàgbé ti fọ̀ dànù.

Aládùúgbò kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá télọ̀ wá eré ọjọ́ náà jáde. Ó gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n gbé àga màmá wá sí pálọ̀. Nígbà tí orin eré náà bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ màmá ń gbọ̀n tẹ̀lé e, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì wo ara wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin tín-ín-rín kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Màmá nawọ́ sí i, ó ní ọmọ òun nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Télọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí eré ti ń lọ, ẹsẹ̀ màmá kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin oníkẹ̀kẹ́ di ọmọkùnrin náà létí ẹ̀wù mú, tó ní kó wá wo òróró, màmá dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí oníkọ́kọ́rọ́ wọlé tọ̀ ọ́, ohun tí màmá bèèrè ni ibi tí fèrè náà wà.

Oníkọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní eré ni. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

“Mo mọ ojú ọmọ mi,” ni ó wí. “Ojú tó fi wolẹ̀ yẹn, ojú ẹlẹ́bi ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oníkọ́kọ́rọ́ dọ̀bálẹ̀. Màmá ní kó dìde, ó sì bojú wo ọwọ́ rẹ̀. Kò ki í. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó ń gbàgbé ohun tó jẹ kò gbàgbé fèrè. Bóyá ọgbẹ́ ló ń pẹ́ níyè ju oúnjẹ lọ. Ní ìdájí, oníkọ́kọ́rọ́ á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì, tó ń gbàdúrà pé kí Ẹlẹ́dàá fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ òun, kí ó má fi ọmọ náà ṣẹ̀sín lójú aráyé. Àdúrà rere ni. Bí òkúta ló sì ń bọ́ lé oníkọ́kọ́rọ́ láyà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ obìnrin kan wá gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Màmá kí i dáadáa, ó bi í léèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, ó wá fà á mọ́ra bí ẹni fẹ́ fi àṣírí hàn án.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì í títí á fi gé e tán. Ọmọ dáadáa ni o. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń yá jù.”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín ìyàngì, ó ní àwàdà màmá pọ̀. Àmọ́ ó dúró tì í títí ó fi gé e tán.

Oníkọ́kọ́rọ́ kò bínú sí obìnrin náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó ròyìn fún un, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Télọ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi díẹ̀, ó dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi púpọ̀, ó wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n ra fèrè kan, èyí tó bá ti ń dán. Kí àbúrò òun gbé e wá síwájú màmá, kó kúnlẹ̀, kó ní òun jẹ̀bi, òun sì ti fẹ́ dá a padà. Ìyá ni ìyá ń jẹ́, á dárí jì í lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdáríjì kọ́ ni mò ń wá,” ni oníkọ́kọ́rọ́ fèsì. “Kí ó mọ̀ mí ni. Bó bá kú tán láìmọ̀ pé n kò jalè rí, ta ni n ó tún lọ ṣàlàyé fún?”

Télọ̀ yọ òwú kúrò nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tún fi í bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ohun tí oníkọ́kọ́rọ́ pinnu ni pé ibi tí wọ́n ti gé kọ́kọ́rọ́ tì ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àga màmá wá sí pálọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun wo eré náà dópin. Màmá ní ohun tí òun rí lẹ́ẹ̀kan ti tó òun. Ó ní kí ó ṣàánú òun. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Télọ̀ náà jókòó sórí àpótí, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan.

Oníkọ́kọ́rọ́ ń dá àwòrán dúró, ó ń ṣàlàyé. Ó ní kí màmá wo ògiri yẹn, pákó ni wọ́n kùn lọ́dà. Màmá ní pákó kì í jí fèrè. Ọmọ rẹ̀ ní fèrè náà gan-an kì í ṣe fàdákà, páànù ni. Màmá ní ẹni tó bá jí páànù kò yàtọ̀ sí ẹni tó jí wúrà. Wọ́n dé ibi òróró, màmá fẹ́ dìde, ọmọ rẹ̀ sì rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jẹ́ kí eré máa lọ.

Ibi tí wọn kò dé lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n wá dé. Ọmọkùnrin inú eré sáré wọ yàrá kan, obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ó ní, “Màámi, ẹ dárí jì mí.”

Màmá yíjú padà.

“Ta nìyẹn?”

Oníkọ́kọ́rọ́ dá àwòrán dúró. Ó ní òṣèré ni, wọ́n ní kó ṣe bí ìyá òun.

“Ìyá ta?”

“Ìyá tèmi, Màámi. Nínú eré.”

Màmá sún mọ́ etí àga. Ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n gbé wá tà.

“Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ bí ọ, obìnrin yìí wà níbẹ̀?”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Nígbà tí otútù mú ọ, tí àyà rẹ ń ró bí ẹwìrì, ẹ̀yìn ta lo wà mọ́jú?”

“Ẹ̀yìn tiyín ni, Màámi.”

“Wò ó, kò tilẹ̀ nu imú rẹ̀. Ìyá wo ni ọmọ ń sunkún lójú rẹ̀ tí kò nu imú fún un?”

Télọ̀ fi ṣòkòtò bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Màmá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ẹni yẹn kì í bá ṣe ìyá rẹ̀, ilé yẹn kì í ṣe ilé àwọn. Oníkọ́kọ́rọ́ ní kì í ṣe ilé àwọn. Màmá ní òun náà rí i, àwọn kò ní fèrèsé aláwọ̀ ewé rí. Oníkọ́kọ́rọ́ ní àwọn kò ní in. Ó rọra ń dáhùn, kò sáré, bó ti máa ń ṣe bí irin tín-ín-rín bá wà nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó há, tó ń fetí sílẹ̀ kí ohun inú rẹ̀ ta.

“Bí kì í bá ṣe ilé wa, ibùsùn yẹn kì í ṣe ibùsùn rẹ.”

Oníkọ́kọ́rọ́ ní kì í ṣe tòun.

“Fèrè tó wà lábẹ́ ibùsùn tí kì í ṣe tìrẹ, nínú ilé tí kì í ṣe tìrẹ, lọ́dọ̀ obìnrin tí kò bí ọ. Kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀? Ọmọ mi kò jí nǹkan. Àwọn ló parọ́ mọ́ ọn.”

“Wọn ò parọ́ mọ́ mi, Màámi. Eré ni.”

“Eré ni mo wí,” ni màmá dáhùn, bí ẹni pé òun ló ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, tí àwọn ọmọ kò gbà.

Télọ̀ ní bí àwọn onítẹlifíṣọ̀n bá ti mọ màmá nígbà náà, wọn kì bá tí wá ọmọbìnrin oníkẹ̀kẹ́ kankan. Màmá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fún un tó fi lọ kúnlẹ̀ fún ìyá oníìyá. Oníkọ́kọ́rọ́ rántí, ó ní búrẹ́dì ni, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan.

“Búrẹ́dì,” ni màmá wí. “Wọ́n fi búrẹ́dì ra ìkúnlẹ̀ ọmọ mi.”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu oníkọ́kọ́rọ́, ẹ̀rín náà pọ̀ débi tó fi gbé ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ sí i létí, ó ní kí ó má yọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé lọ́la màmá á tún bèèrè fèrè. Oníkọ́kọ́rọ́ ní bó bá bèèrè lọ́la, wọ́n á tún jókòó wò ó lọ́la. Ọlọ́run tó ṣí i lónìí kò sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Màmá kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti fara tì sẹ́yìn lórí àga, ojú rẹ̀ wà lára ọmọkùnrin tín-ín-rín tó dúró sójú kan lójú tẹlifíṣọ̀n, tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tí omijé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wo bí ọrùn rẹ̀ ti gùn, bí etí rẹ̀ méjèèjì ti yọ síta. Ó wá fọwọ́ kan èyí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀.

“Ọkọ mi,” ni ó wí, “bá mi dá a padà síbẹ̀rẹ̀. N kò tíì wo ojú rẹ dáadáa.”