Okùn Mẹ́rin Ọ̀gá Hezekiah

Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ olórin Hezekiah bá parí eré, ohun kan wà tí ọ̀gá náà kì í gbàgbé. Kí ó tó mu omi, kí ó tó nu òógùn ojú rẹ̀, yóò gba gìtá béèsì lọ́wọ́ Fáwùnmí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn yóò fi rọ̀ bí ìfun adìẹ. Ìgbà náà ni yóò tó rẹ́rìn-ín, tí yóò sì béèrè oúnjẹ. Bí eré mìíràn bá tún délẹ̀, yóò gbé béèsì náà wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì máa wúkọ́ èké kí ẹni tó wà níta má baà gbọ́ bí ó ti ń fa okùn. Nígbà tí ó bá jáde, gìtá ti di ohun tí a lè fi ṣiṣẹ́.

Ní Olódò ni, ní ọdún 1964, nígbà tí gìtá béèsì tí ń lo iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àwọn ìlú kéékèèké ẹ̀bá Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọ̀kan, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fún un níná, kì í wá ìkómọjáde àti ìṣílé tì. Bí ilé ìtajà ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni wọ́n ń fa okùn tiwọn, kò sì sí ẹni tí ń fi í pamọ́. Ti Hezekiah yàtọ̀. Ó ní ìfà tirẹ̀, orí rẹ̀ ni ó sì gbé gbogbo orin rẹ̀ kà. Bí a bá fa béèsì náà bí ti gbogbo ayé, ọwọ́ Fáwùnmí yóò máa bọ́ síbi tí kò yẹ.

Pé ọ̀gá ní àṣírí kò bí Fáwùnmí nínú. Òfin ìdáǹdè ni ó ń bí i nínú. Àwọn àgbà olórin àgbègbè náà ti fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ àfi bí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun èlò rẹ̀ ṣe níṣojú wọn. Ẹni tí a kò bá dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ kankan kò ní gbà á, kò sì gbọdọ̀ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin tó dára ni, lójú ẹni tí kò bá wò ó fínnífínní. Ṣùgbọ́n Hezekiah ni ó yẹ kí ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìfà náà, Hezekiah kan náà ni ó sì ń jèrè bí ọmọ iṣẹ́ kò bá mọ̀ ọ́n. Ọládòṣù ni ó ń ta béèsì kí Fáwùnmí tó dé. Nígbà tí ó béèrè ìdáǹdè, ọ̀gá gba béèsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Irun funfun ti ń yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ṣì ń pọn omi fún ìyàwó ọ̀gá. Wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ, ìrẹ́jẹ náà sì ní orúkọ rere: ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ àgbẹ̀ abọ̀rìṣà ni Fáwùnmí, láti abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé. Ó ti pinnu pé òun kò ní hu ewú sídìí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí ó dá kò dára. Ní ọjọ́ eré kan, bí ọ̀gá ti gbé béèsì lé e lọ́wọ́ tán, ó fi ẹfun sàmì sí àwọn irin tí a fi ń fa okùn ní orí gìtá, láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ó rò pé bí òun bá ti yí irin padà sójú àmì, ohùn yóò padà wá fúnra rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ ní Adégbayì, níbi ìkómọjáde kan tí ọ̀gá ti pẹ́ kó tó dé nítorí táyà ọkọ̀ tó jò lọ́nà. Àwọn àlejò ti jókòó, baba ọmọ ti ń fapá jánú. Fáwùnmí yí irin sójú ẹfun, ó ní kí orin bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin a máa yí po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí okùn tó le. Àmì kan náà ni ó ń kọjú síta nígbà tí okùn dẹ̀ àti nígbà tí ó le. Igbe tó ti inú áńpù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn, jáde burú débi pé ìyá àgbà kan béèrè bóyá màlúù tí wọn yóò pa fún ìkómọ náà ni ó ti mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín.

Inú ẹ̀rín náà ni Hezekiah bá wọn. Kò pariwo. Ó rí ẹfun, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nù ún kúrò, ó sì kọjú sí àwọn àlejò.

“Ẹ má bínú sí wa. Ọmọ oko ni. Ó rò pé à ń bọ gìtá ni.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ọ̀gá tún okùn fà, Fáwùnmí ta béèsì dé òpin ìkómọ náà láìgbé ojú sókè. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Adéyẹmí, olórí àwọn olórin àgbègbè náà, ó sì ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìdánwò fún òun. Nígbà tí wọ́n sọ fún Hezekiah, ó ní kò burú, pé òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó mọ ohun tí ó ń sọ.

Ọmọ onílé tí Fáwùnmí ń gbé ilé rẹ̀ ni Olúfúnmi, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Áńgílíkà, tí ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Nígbà tí ó gbọ́, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

“O lọ dá ọjọ́ ìdánwò kí o tó mọ ohun tí wọn yóò bi ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́n jù ọ́ lọ.”

“Bí n kò bá dá ọjọ́, n kò ní mọ̀ ọ́n láé.”

Ó béèrè bí àwọn okùn náà ti ń dún. Fáwùnmí ní wọn kò ṣeé dìmú: bí ohùn ọ̀gá bá ti jí lówùúrọ̀ ni ó ń fà wọ́n, lónìí wọ́n ga, lọ́la wọ́n sọ̀.

“Ta ní bi ọ́ bí wọ́n ti ga tó?” ni Olúfúnmi wí. “Dò, ohùn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, lè jókòó síbi tó wù ú. Bí àwọn yòókù ti jìnnà sí i ni kí o gbọ́. Ṣebí ìwọ lo ń ta á? Ta okùn lásán láìtẹ̀ ẹ́, kí o fi ẹnu rẹ gbé ohùn rẹ̀ wálé fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà bà á bí ìgbájú. Láti ọjọ́ tí ó ti ń wo ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá, orí àyà òun fúnra rẹ̀ ni ohun tí ó ń wá ti ń dún.

Níbi ìṣílé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, láàrin orin kan sí èkejì, ó ń ta okùn lásán lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń na ìka. Ó kùn wọ́n sínú títí wọ́n fi dé Olódò. Ọládòṣù tilẹ̀ bi í bóyá eyín ń dùn ún ni. Olúfúnmi ń bẹ iṣu nígbà tí Fáwùnmí wọlé. Olúfúnmi ní kí ó fi ẹnu kọ ọ́, kí ó tún un kọ. Òun náà wá kọ ọ́ padà: “Dò, sò, dó, mí.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń kọ ọ́.”

Fáwùnmí fi í wé ìfà gbogbo ayé. Bí okùn méjì tó wà láàrin ti jìnnà síra wọn kò yí padà rárá. Èyí tó nípọn jù ni a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, a sì sọ èyí tó tín-ín-rín jù kalẹ̀ ní ìdajì bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, kò lè jẹ iṣu náà. Okùn méjì péré ni wọ́n fi so Ọládòṣù mọ́ ìdí omi pípọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni mímọ̀, ọ̀tọ̀ ni ṣíṣe. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ń nu ohun èlò lọ́sàn-án, nígbà tí ọ̀gá bá jáde. Béèsì tí a kò so mọ́ iná kò dún ju ẹ̀fọn lọ, nítorí náà Fáwùnmí fi egungun àgbọ̀n ti igi gìtá náà, ohùn sì ń gba inú egungun wọ inú etí rẹ̀ kedere. Yóò fà á, yóò dẹ̀ ẹ́, yóò tún un fà, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi bó.

Ọjọ́ Àìkú ni ìdánwò náà, lẹ́yìn ìsìn, ní àgbàlá Bàbá Adéyẹmí. Hezekiah fi ọwọ́ ara rẹ̀ dẹ okùn, ó sì gbé béèsì fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí Fáwùnmí fi àgbọ̀n tì í, ẹnìkan béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó so ó mọ́ áńpù, ó sì ta ẹsẹ̀ orin tí ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣí eré. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

“Ó pé,” ni Bàbá Adéyẹmí wí.

Ojú Hezekiah ṣú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní òtítọ́ ni, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n, òun yóò sì dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń béèrè: kí ó búra pé òun kò ní fi ìfà náà han ẹ̀dá kankan níwọ̀n ìgbà tí òun Hezekiah bá wà láàyè. Wọ́n gbé Bíbélì wá, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìyẹn kò lè mú ọmọ abọ̀rìṣà. Ó ní kí wọ́n mú àdá wá, kí ó fi ẹnu kan irin. Kò sí àgbà kan tó lòdì sí i. Olúkúlùkù wọn ni ó ní yàrá tí òun náà ń tì, bí kì í tilẹ̀ ṣe nítorí okùn béèsì.

Ọládòṣù súnmọ́ Fáwùnmí, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Búra, jàre. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Tí o bá ti dòmìnira tán, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?”

Fáwùnmí wo àdá náà. Ní ilé baba rẹ̀, ẹnìkan kì í fi ẹnu kan irin lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní pa mọ́, Hezekiah sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ní kí wọ́n mú un wá. Bí ó bá búra, yóò pa á mọ́. Bí ó bá pa á mọ́, Ọládòṣù yóò pọn omi títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ̀, òun náà yóò sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, yóò máa wúkọ́.

“N kò ní búra.”

“Ìdáǹdè rẹ ti dé ọwọ́ rẹ,” ni Bàbá Adéyẹmí wí. “Bí o bá kọ̀ ọ́, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò gbà ọ́ ní gbogbo àgbègbè yìí. Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀, bàbá. Ẹ má bínú.”

Ó dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Hezekiah mí kanlẹ̀. Ó rò pé ọmọ náà ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fáwùnmí gbé béèsì náà lé Ọládòṣù lọ́wọ́, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.

“Dò, sò, dó, mí. Fà á bí gbogbo ayé ti ń fà á. Lẹ́yìn náà, sọ èyí tó nípọn jù kalẹ̀ títí òun àti ẹ̀kẹta yóò fi jẹ́ ohùn kan náà, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Sọ èyí tó tín-ín-rín jù kalẹ̀ ní ìdajì bẹ́ẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Hezekiah dìde tòun ti àdá lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Lẹ́yìn wọn, láàrin àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tó wá wòran, ẹnìkan ti ń kùn ún: dò, sò, dó, mí.  Ọládòṣù wo ọ̀gá, ó wo Fáwùnmí, ó sì jókòó sórí àpótí, ó fi àgbọ̀n ti igi náà. Ó yí irin àkọ́kọ́, ó yí èkejì. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Nígbà tí ó dórí okùn tó tín-ín-rín jù, ó dúró, ó gbé ojú sókè.

“Ó ṣì ga,” ni Fáwùnmí wí. “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i.”